Ta Ni Dádì Àánú?

Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ènìyàn lè bá ará ìlú kan sọ èdè kan náà, kó sì tún jẹ́ àjèjì láàrin wọn. Ìkàrẹ́ ni mo ti fi ojú ara mi rí i. Ọmọ Kétu ni mí, ní ìhà ibi tí àwọn Faransé ti jọba. Yorùbá ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu ní ọjà Ìkàrẹ́ láti ra ìgbálẹ̀, obìnrin tó ń tà á yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, “Gbọ́ bí Àgànyìn yìí ṣe ń gbìyànjú. Ó mà ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀.”

Mo ní, “Ìyá, Yorùbá ni èmi náà.”

“A ti gbọ́,” ni ó wí. “Ìgbálẹ̀ mélòó?”

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ obìnrin náà yé mi. Ní Àkókó, bí ènìyàn bá ti kúrò ní ìlú kan bọ́ sí èkejì, èdè ti yí nìyẹn. Ẹni tó jí ní Ọ̀kà tó fẹ́ tajà ní Ìkàrẹ́ ti pààrọ̀ ahọ́n kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Yorùbá inú ìwé, aṣọ òde ni fún wọn. Wọ́n ní ti ilé. Èmi wá gbé ti Kétu dé, èyí tí kì í ṣe ti òde, tí kì í sì í ṣe ti ilé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ó fi sú wọn.

Faransé ni mo wá kọ́ wọn. Ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìkàrẹ́ ń wá olùkọ́, èmi náà sì ń wá ibi tí kò sí ẹni tó mọ ìyàwó mi. Fọláṣadé ti kú nígbà náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sí òpópónà kan ní Kétu tí mo lè gbà tí ẹnì kan kò ní dá mi dúró láti bá mi kẹ́dùn. Mo fi ọmọ wa kan ṣoṣo, Kẹ́mi, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí ọmọ náà ń pè ní Mọ́mì. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ ni mò ń lọ ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́ náà nìyẹn.

Ọ̀kà ni mo ti rí yàrá, ní Ìwárò, nílé ìyá arúgbó kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà. Ó ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé. Òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, Bísọ́lá, ni wọ́n jọ ń gbé. Èkó ni àwọn òbí ọmọ náà wà. Bísọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìlá, ó sì wà ní ọ̀kan nínú àwọn kíláàsì tí mò ń kọ́. Lọ́jọ́ tí mo kó ẹrù dé, Ìyá Àgbà kò wo ẹrù mi rárá. Ojú mi ló ń wò.

“Ìyàwó rẹ dà?”

“Ó ti kú, mà.”

“Kí ló pa á?”

“Àìsàn ni, mà.”

“Hmn. Ọmọ ńkọ́?”

“Ọ̀kan, mà. Obìnrin ni. Ó wà nílé.”

“Kí ló wá dé tí o ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù mi wọlé. Ó mi orí, ó padà sídìí agbada gàrí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá lọ pọn omi, màá bá a lẹ́nu kànga. Bí Bísọ́lá bá gbé ìwé wá bi mí ní ìbéèrè, ìyá náà á rántí lójijì pé òun gbàgbé nǹkan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dùn mí. Mo ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ìgbà tí mo ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kò sì sí ẹni tó ṣọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún ara mi pé nítorí pé wọn kò mọ̀ mí ni.

Òtútù ọyẹ́ ibẹ̀ tún jẹ́ ìyàlẹ́nu. Láti orí àpáta ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá, á wọ abẹ́ ilẹ̀kùn, á sì dúró ti ènìyàn lórí ibùsùn. Ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, mo máa ń na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi kí n tó rántí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, tí gbogbo ilé bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí wọ́n ń jẹun, mo máa ń gun orí àpáta kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, nítorí ibẹ̀ ni fóònù ti ń gbọ́ ohùn dáadáa. Kẹ́mi á gbé e.

“Bàbá, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Nàìjíríà o.”

“Àwọn ará Nàìjíríà ní bí ará Kútọnu ni mo ṣe ń sọ ọ́.”

“Kútọnu kẹ̀? Ṣé ẹ ò sọ fún wọn pé Kétu ni?”

“Mo sọ fún wọn. Gbogbo ilẹ̀ wa ni Kútọnu lójú wọn.”

Á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á dákẹ́, èmi náà á dákẹ́. Àwa méjèèjì mọ ẹni tó yẹ kó gba ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀.

Ayọ̀ kékeré wà. Mo rántí ọ̀sán kan tí mo kọjá lẹ́yìn kíláàsì, tí mo gbọ́ tí àwọn ọmọ méjì ń fi Faransé bú ara wọn. Èébú náà kò dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ tọ̀nà, gbogbo rẹ̀ pátá. Mo dúró sí ẹ̀yìn fèrèsé, mo gbọ́ ọ tán kí n tó wọlé lọ bá wọn wí.

Ilé-ìwé wa ní gúrúùpù kan lórí fóònù fún àwọn òbí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde ìdánwò àti ọjọ́ ìpàdé. Ọ́fíìsì fi líǹkì àtiwọ gúrúùpù náà síta lórí ayélujára, lábẹ́ àwòrán àwọn ọmọ tó yege, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan àti kíláàsì rẹ̀ lábẹ́ ojú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti wọlé nìyẹn. Kò sí ẹni tó rí i bí nǹkan burúkú. Ìdùnnú ni wọ́n fi ń pín in kiri.

Nínú gúrúùpù náà, kò sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Mọ́mì Tóbi wà níbẹ̀, Dádì Ìfẹ́ wà níbẹ̀, Màmá Ìbejì wà níbẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nílé náà nìyẹn, n kò sì ní fi bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti bímọ, orúkọ ọmọ rẹ̀ la fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Nílé ìwòsàn tí Fọláṣadé kú sí, nígbà tí nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni orúkọ aláìsàn, “Ìyá Kẹ́mi” ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Nọ́ọ̀sì náà ní kí n sọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i mú jáde.

Èmi nìkan ni n kò ní orúkọ ọmọ nínú gúrúùpù náà. “Mùsíọ̀” ni wọ́n ń pè mí, bí Faransé ṣe ń pe Ọ̀gbẹ́ni.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dádì Àánú. Kì í pariwo. Bí ọ́fíìsì bá kéde nǹkan, òun ló máa ń kọ́kọ́ dúpẹ́. Ó máa ń gbàdúrà fún àwọn olùkọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo àwọn ìyá á sì ṣe àmín lọ rẹrẹ. Èmi náà ti ṣe àmín sí i.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn iṣẹ́ Faransé, Bísọ́lá dúró sẹ́yìn.

“Mùsíọ̀, ṣé òtútù máa ń mú ní Kútọnu?”

“Kò mú bíi ti Ọ̀kà. Kí ló dé?”

“Kí n lè mọ aṣọ tí màá kó ni.”

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Mo bi í pé ta ló fẹ́ mú un lọ Kútọnu.

“Ìdíje Faransé yẹn ni, sà. Èyí tí Dádì Àánú ń bá wa ṣètò. Ó ní ẹ̀yin náà mọ̀ nípa ẹ̀. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ pé èmi ni kí ó mú.”

Mo fà á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí wa, mo ní kí ó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ti rí nọ́ńbà fóònù tí àwọn òbí Bísọ́lá fi ránṣẹ́ sí i láti Èkó, nítorí ó wà nínú gúrúùpù ní orúkọ Ìyá Àgbà. Ó ti ń bá a sọ̀rọ̀ látìgbà ọlidé. Ó ń fi dátà ránṣẹ́ sí i. Ó kọ́kọ́ ní kó fi àwòrán ojú rẹ̀ ránṣẹ́ fún páásìpọ̀ọ̀tì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní àwọn ará Kútọnu tún fẹ́ òmíràn, pé kí ó ti ilẹ̀kùn kó tó yà á, kí ó má jẹ́ kí Màmá rí i, nítorí ìyàlẹ́nu ni àwọn fẹ́ fi ṣe fún Màmá.

“Ṣé o ti yà á?”

Ó mi orí pé rárá. “Ilẹ̀kùn wa kì í tì dáadáa, sà.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ilẹ̀kùn ilé arúgbó.

“Ó ní ta ni wàá pàdé?”

“Òun fúnra ẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé, ní Àkùngbá, níwájú ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òun ti sọ fún mi.” Ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún omijé. “Mùsíọ̀, ṣé ẹ ò mọ̀ nípa ẹ̀ ni?”

Ọjọ́bọ̀ ni. Mo kọ́kọ́ lọ sí ìsọ̀ Màmá Àánú, obìnrin kan tó ń ta páànù ní Ìkàrẹ́. Mo ṣe bí ẹni tó kàn wá kí i. Mo ní mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ fún akitiyan rẹ̀ nínú gúrúùpù.

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo páànù tó ti dípẹtà. “Ọkọ tèmi? Tírélà ni ọkọ mi ń wà, Mùsíọ̀. Fóònù ẹ̀, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí ni. Ibo ló ti rí gúrúùpù?”

“Ta wá ni Dádì Àánú?”

“Bàbá Àánú kejì ni. Àánú ti Ọ̀kà.”

Mo mọ Àánú ti Ọ̀kà. Ọ̀nà ilé ni wọ́n ń gbé, òun àti ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá náà dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán.

“Bàbá Àánú mi ti kú, Mùsíọ̀. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta.” Ó tẹ́ aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí itan. “Gbogbo ìgbà tí mo bá rí orúkọ yẹn lórí fóònù, àyà mi á já. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Àánú méjì ló wà. Mo ní ọkọ Màmá Àánú ti Ìkàrẹ́ ni.”

“Ẹ ò bèèrè?”

“Báwo ni màá ṣe bèèrè? Kí n máa bi ọkọ ọlọ́kọ pé ta ni ẹ́?”

Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe lè sọ fún un lọ. Ẹnì kan ti wọ inú orúkọ òkú bí ẹni wọ ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, gbogbo wa sì ń kí i kú ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Obìnrin tó ní ìwà ni, kì í sọ̀rọ̀ jù. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì.

“Mùsíọ̀, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ Faransé, ọ̀rọ̀ Kútọnu. Ẹni mélòó ló wá láti Kútọnu nínú ilé-ìwé yìí?”

“Èmi nìkan ni, mà.”

“Ilé ta sì ni ọmọ náà ń gbé?”

“Ilé kan náà la jọ ń gbé, mà.”

Ó na ọwọ́. “Ẹ jẹ́ kí n wo fóònù yín.”

Mo gbé e fún un. Kí ni ǹ bá ṣe? Ó ṣí i, ó ń fi ìka yí àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó síwájú rẹ̀ bí ọmọ tó fìdí rẹmi. Mo mọ ìgbà tó kan àwọn àwòrán ilé ìwòsàn, nítorí ìka rẹ̀ dúró. Ó tẹ ohùn kan tó wà nípamọ́ níbẹ̀ láìmọ̀, ohùn Fọláṣadé sì jáde nínú ọ́fíìsì náà, ó ń ní kí n má gbàgbé láti ra ọ̀ṣẹ bọ̀. N kò tíì gbọ́ ohùn yẹn látìgbà tí mo ti dé Nàìjíríà. N kò láyà láti tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá gbé fóònù náà padà fún mi. “Ẹ má bínú,” ni ó tún wí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dún bíi pé ó dùn ún. “Màá yọ nọ́ńbà náà kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ Ajé tí ìgbìmọ̀ máa jókòó. Ilé-ìwé yìí ní orúkọ.”

“Ọ̀la ni ọjọ́ Sátidé, mà. Ẹ má tíì yọ ọ́, kó má baà fura. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún Ìyá Àgbà ọmọ náà.”

“Mùsíọ̀, ẹ rántí pé àlejò ni yín níbí. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ta lẹ rò pé wọ́n máa kọ́kọ́ mú?”

Mo rò ó lórí ọ̀kadà títí mo fi dé Ọ̀kà. Iṣẹ́ mi wà nínú rẹ̀, orúkọ mi wà nínú rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin tí a bá pàdé lọ́nà tó ń tẹ fóònù ni mo ń wò. Mo wo ẹni tó gbé mi. Mo ronú nípa olùkọ́ ìṣirò wa tí dátà rẹ̀ kì í tán, mo ronú nípa ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ. Ojú mi kò rí ẹni rere kankan láàrin Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà lọ́jọ́ náà.

Ìyá Àgbà wà nídìí agbada. Mo pe Bísọ́lá pé kí ó gbé fóònù rẹ̀ wá, mo sì ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìyá náà kò dáwọ́ dúró; ó ń yí gàrí, èéfín ń yí i ká. Nígbà tí mo dé ibi ilẹ̀kùn títì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Òórùn gàrí tó ń jóná gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

“Bísọ́lá, òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni, Màmá.”

“O ò sọ fún mi.”

“Ó ní ẹ ò ní jẹ́ kí n lọ.”

“Ìyẹn nìkan ni òótọ́ tó sọ.” Ó yíjú sí mi. “Ìwọ ńkọ́? Ta ló mọ ìwọ? O ti òkèèrè wá, o ní ìyàwó rẹ kú, o ní o lọ́mọ, a ò rí i. Faransé ni ẹni yìí fi ń tan ọmọ mi, Faransé lò ń tà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lò ń fi ọwọ́ ti iná bọ ilé tí o sì ń fi ẹnu pariwo iná?”

Mo fẹ́ bínú. Mo wá ìbínú náà, n kò rí i. Gbogbo ohun tó sọ ni mo ti rò nípa àwọn ẹlòmíràn lójú ọ̀nà.

“Ẹ ò lè mọ̀, mà,” ni mo wí.

“Ó dáa. Gbé fóònù tìẹ wá.” Ó kó fóònù méjèèjì, ó fi wọ́n sínú tòbí rẹ̀. “Lọ́la, ìwọ náà á bá mi lọ Àkùngbá. Bí ti ọmọ yìí bá dún, mo fẹ́ máa wo ọwọ́ rẹ.”

Ọ̀dọ̀ Màmá Àánú tó ń ránṣọ la fi Bísọ́lá sí. Àwa méjèèjì sì jókòó lórí bẹ́ńṣì ní Àkùngbá, níwájú ìsọ̀ tí ọkùnrin náà dárúkọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ wọ́n ń bọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké, àwọn ọlọ́kadà ń pe èrò. Ìyá Àgbà ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wé gèlè. Ó ní kí n gbé ọwọ́ mi lé orúnkún, kí n jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọjú láti inú ìsọ̀. “Màmá, ṣé páásìpọ̀ọ̀tì lẹ fẹ́ yà ni?”

“Mò ń dúró de ẹnì kan.”

“Ta ni, Màmá? Bóyá mo mọ̀ ọ́n.”

“Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ilé ni ǹ bá wà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sínú ilé. Ìyá Àgbà fi ojú tẹ̀ lé e. “Kí ló kàn án nínú ẹni tí mò ń dúró dè?” ni ó bi mí. Ó ti di pé èmi ló ń bá fura.

Fóònù Bísọ́lá dún. Ó yọ ọ́ jáde. Mo rí orúkọ náà lójú fóònù: Dádì Àánú. Kò wò ó. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ wò, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Èémí kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tí n kò mọ̀ pé ó ti há mọ́ ọn láti àná. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e jìnnà sí etí bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe, tó fi jẹ́ pé èmi náà gbọ́.

“Bísọ́ mi, ṣé o ti dé?” Ohùn náà tutù. Ohùn ẹni tí ènìyàn lè bẹ̀ pé kó bá wa gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ni.

“Ẹ káàárọ̀ o, Dádì Àánú,” ni Ìyá Àgbà wí. “Èmi ni ìyá ìyá rẹ̀. Mo ti dé, mo ti jókòó. Kí ni orúkọ yín?”

Ó gbé fóònù náà sún mọ́ ẹnu.

“Mi ò bèèrè Àánú. Àánú kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ tí ìyá tó bí ọ sọ ọ́, òun ni mò ń bèèrè.”

Ọkùnrin náà gé ìpè náà. Mo gbé orí sókè, mo wo gbogbo òpópónà náà. Ọkùnrin kan ń mú fóònù kúrò létí. Òmíràn ń rẹ́rìn-ín sínú tirẹ̀. Ẹnì kan yí ọ̀kadà rẹ̀ padà, ó lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin inú ìsọ̀ kò jáde mọ́. N kò mọ èwo nínú wọn ni, ó sì lè jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ rárá.

“Ó ń wò wá,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ẹ jẹ́ kó wò wá dáadáa.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí ní “ẹ”, bí kò bá jẹ́ pé òun àti èmi àti gbogbo òpópónà ló ń bá wí. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kan wá lórí.

Nígbà tí a padà dé Ọ̀kà, ó yọ fóònù mi nínú tòbí.

“Kì í ṣe ìwọ.”

“Rárá o, mà.”

“Kì í ṣe ìwọ lónìí,” ni ó wí, ó sì wọlé.

A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àwa àti Màmá Àánú méjèèjì. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wa, wọ́n gba nọ́ńbà náà sílẹ̀. Látìgbà náà, bí a bá pe nọ́ńbà náà, kò wọlé mọ́, kò sì sí ẹni tó tíì sọ ẹni tó ni ín fún wa. Ọ̀gá kò lé mi. Ó bínú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tú gúrúùpù náà ká, ó yọ àwòrán àwọn ọmọ kúrò níta. Ó ní kí òbí kọ̀ọ̀kan wá sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, kó sọ orúkọ ara rẹ̀ lójú òun, kí òun tó fi wọ́n sínú tuntun. Àwọn kan kùn. Bàbá kan ní láti ìgbà tí òun ti di Dádì Ìfẹ́, kò sí ẹni tó tíì fi òun wọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wá.

Oṣù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tí Bísọ́lá kò la ẹnu sọ Faransé. N kò fi ipá mú un. Nígbà tó tún gbé ìwé rẹ̀ jáde, Ìyá Àgbà gbé àpótí rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sí àárín èmi àti ọmọ náà, ó ń pa ẹ̀gúsí. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mò ń kọ́ ọmọ náà. Bí ohùn mi bá lọ sílẹ̀ jù, á ní, “Sọ ọ́ sókè.” Mo ń sọ ọ́ sókè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, irú ìṣọ́ yìí ni mo pè ní ìkórìíra àjèjì. N kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fura sí mi nítorí ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Èmi tí mo fi ọmọ sílẹ̀ tí mo rìn jìnnà, ta ló jókòó sí àárín ọmọ tèmi àti àjèjì?

Mo gun orí àpáta ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé fóònù.

“Bàbá Kẹ́mi, a ò ríra. Ọmọ rẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ o. Ìṣirò. Wọ́n ti bá a wá ẹni tó ń kọ́ ọ lórí fóònù.”

“Ta ni, ẹ̀gbọ́n?”

“Bàbá Ṣọlá ni.”

“Ṣọlá wo?”

“Ṣọlá... Ọmọ kan nílé-ìwé wọn ni. Ó ṣe dáadáa sí wa gan-an. Kò gba nǹkan kan.”

“N kò bèèrè ọmọ tó bí. Kí ni orúkọ tirẹ̀?”

“Kí ló ń ṣe ọ́? Ṣé kí n wá dojú kọ àgbàlagbà, kí n ní kí ni orúkọ rẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rín. Ẹ̀rín rẹ̀ dín kù, dín kù, títí ó fi tán.

“Yàrá wo ni ọmọ náà wà?” ni mo bi í.

“Tirẹ̀ ni. Ó tilẹ̀kùn, kí ariwo wa má baà...”

Kò parí rẹ̀. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, mo gbọ́ ilẹ̀kùn tó ṣí, mo gbọ́ Kẹ́mi tó ní, “Ah-ah, Mọ́mì, kí ló dé?” àti ohùn ọkùnrin kan tó ń ka nọ́ńbà jẹ́jẹ́ láti inú fóònù kejì.

“Ẹ káàsán o, Bàbá Ṣọlá,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ẹ má bínú sí mi. Kí ni orúkọ yín?”

Mo di fóònù mú lórí àpáta náà, mò ń retí ìdáhùn.